Ọkọ̀ Ojú Irin Ìdógò, Ẹ̀ka Kékeré Tó Sọ Oko Di Ọjà

Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ọmọ Ìbàdàn pé níbo ni rélùwéè àtijọ́ gbà wọ ìlú yìí, kò ní ronú kó tó nawọ́ sí Dùgbẹ̀. Bí ẹ bá sì tún béèrè pé níbo ni ọ̀nà irin náà ń lọ, yóò dáhùn pé apá kan kọjú sí Èkó, apá kejì kọjú sí Òṣogbo títí dé Kánò. Ìdáhùn náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò pé. Igi kì í dàgbà títí kó má yọ ẹ̀ka, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ọ̀nà irin. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka rẹ̀ ni mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí, èyí tó yà ní Ìfọ̀, tó gba Ìlaròó, tó sì parí sí Ìdógò ní ilẹ̀ Yewa, ilẹ̀ tí a ń pè ní Ẹ̀gbádò tẹ́lẹ̀.

Ẹnì kan lè bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń yọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó ti dákẹ́ lẹ́nu. Ìdí rẹ̀ ni pé láti ọdún 2021 tí rélùwéè tuntun ti ń sáré láàárín Èkó àti Ìbàdàn, kò sí ìlú tí kò fẹ́ kí irin kan ẹnu ọ̀nà òun. Ìfẹ́ náà kò burú rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò bá tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ìjọba, ó yẹ kó mọ irú rẹ̀ tí wọ́n ti fún ẹlòmíràn rí, kó sì mọ ohun tó gbẹ̀mí rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń kọ́ ọmọ wa ní ìtàn, àti ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ mọ ohun tí owó ọkọ̀ ń fi ojú èrè rí, ọ̀rọ̀ náà kàn yín.

IRIN TÓ Ń WÁ ẸRÙ

Kí á tó dé orí ẹ̀ka, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ìdí igi. Kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ láti Ìdó ní Èkó. Wọ́n la igbó, wọ́n sọ afárá, wọ́n gba Abẹ́òkúta, wọ́n gba Olókemejì, wọ́n sì wọ Ìbàdàn. Oṣù kẹta ọdún 1901 ni Gómìnà William MacGregor ṣí ọ̀nà náà. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 120 máìlì. Ìrìn tí aláàárù ń fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ rìn pẹ̀lú ẹrù lórí wá di ohun tí ènìyàn jókòó ṣe. Ní 1907 irin dé Òṣogbo, ní 1909 ó dé Jẹ́bà ní etí odò Ọya.

Àlàfo tó wà láàárín irin méjèèjì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ínǹṣì mẹ́fà, èyí tí í ṣe 1,067 mìlímítà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìwọ̀n yìí sọ́kàn, a ó padà bá a níwájú.

Kì í ṣe torí kí ìyàwó lè lọ kí ọkọ rẹ̀ ní Èkó ni wọ́n ṣe la ọ̀nà yìí. Ẹrù ni wọ́n ń wá. Èkùrọ́ àti epo pupa fún àwọn tó ń ṣe ọṣẹ, òwú fún àwọn ilé ìhunṣọ Manchester, àti kòkó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbilẹ̀ ní oko wa. Ní ìdàkejì, aṣọ, iyọ̀, irin àti ọtí ń bọ̀ láti inú ọkọ̀ òkun. Ibi tí ẹrù bá pọ̀ sí ni irin yóò tọ̀ lọ, ibi tí irin bá sì dé ni àwọn kọ́ńpìnnì òyìnbó yóò kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí. Báyìí ni Dùgbẹ̀ àti Gbági ṣe di ojú ọjà Ìbàdàn, nígbà tó jẹ́ pé Ọjà Ọba ni gbogbo ènìyàn mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n irin kan ṣoṣo tó gba àárín ilẹ̀ kọjá dà bí odò tí kò ní ìṣàn kékeré kankan tó ń dà sínú rẹ̀. Àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ jìnnà sí tẹ́ṣàn ní ogún máìlì kò rí àǹfààní rẹ̀ tó bó ṣe yẹ. Torí náà ni ìjọba ṣe ń wá ọ̀nà tí yóò máa kó ẹrù wá pàdé ọkọ̀. Ní ìhà ọ̀dọ̀ tiwa níbí, títì ni wọ́n fi ṣe é. Ní 1906, lásìkò Gómìnà Walter Egerton, wọ́n la títì mọ́tò láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, kí ẹrù Ọ̀yọ́ lè máa wá bá rélùwéè ní ìsàlẹ̀ ìlú. Ẹ wo ohun tí mo ń sọ dáadáa: ìránṣẹ́ rélùwéè ni títì nígbà náà. Ìránṣẹ́ yìí kan náà ló padà wá jẹ ogún ọ̀gá rẹ̀, bí a ó ṣe rí i.

Ní ilẹ̀ Yewa, irin fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ẹ̀ka.

ILẸ̀ TÍ WỌ́N LÀ SÍ MÉJÌ

Ilẹ̀ Yewa kò mọ ìsinmi ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ogun Dàhómẹ̀ ń gbá wọn láti ìwọ̀-oòrùn, àwọn Ẹ̀gbá náà sì ń fẹ́ kí ọ̀nà òwò tó lọ sí etí òkun wà lábẹ́ ọwọ́ wọn. Bí èyí ṣe ń rọlẹ̀ ni òyìnbó dé pẹ̀lú ìwé àti bírò. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 1889, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé fọwọ́ sí ìwé tó pín ilẹ̀ náà. Kétu, Sakẹ́tẹ̀ àti Pòbẹ́ bọ́ sí ọwọ́ Faransé. Ìlaròó, Ìmẹ̀kọ àti Ọ̀jà-Ọ̀dàn bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó ń sọ èdè kan náà, tí wọ́n ń fẹ́ ọmọ ara wọn, tí wọ́n ń ná ọjà kan náà, wá jí lọ́jọ́ kan, wọ́n ti di ará ilẹ̀ méjì.

Faransé ló kọ́kọ́ gbé irin wá sí àárín wọn. Láti Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, wọ́n la ọ̀nà irin gba Sakẹ́tẹ̀, ó sì dé Pòbẹ́ ní 1913. Nígbà tí a bá ka gbogbo rẹ̀ pọ̀ láti Kútọnú, ó jẹ́ 107 kìlómítà. Ọ̀pẹ ni wọ́n bá lọ. Ilẹ̀ náà kún fún ọ̀pẹ tó bẹ́ẹ̀ tí Faransé fi dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní Pòbẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà. Àlàfo irin tiwọn jẹ́ mítà kan géérégé, 1,000 mìlímítà.

Ìhà ti Gẹ̀ẹ́sì pẹ́ kó tó jí. Ìgbà tó di ìparí àwọn ọdún 1920, tí ìjọba ń na irin káàkiri Nàìjíríà, ni ó tó kan ilẹ̀ Yewa. Wọ́n mú Kaura Namoda ní 1929, wọ́n mú Nguru ní 1930. Ní 1930 yìí kan náà ni ẹ̀ka tó yà láti Ìfọ̀ dé Ìdógò.

Àsìkò tó dé sí náà kò dára. Ọrọ̀ ajé gbogbo ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ wó lulẹ̀ láti Amẹ́ríkà ní ìparí 1929 ni, owó èkùrọ́ àti ti kòkó sì já wálẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Ọ̀nà tí wọ́n là torí ẹrù wá ṣí ilẹ̀kùn ní ọdún tí ẹrù kò lówó lórí. Ó máa ń yà mí lẹ́nu bí nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe wọ́pọ̀ nínú ìtàn rélùwéè: iṣẹ́ náà gba ọdún mélòó kan, ọjà kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni.

BÍ Ẹ̀KA ṢE Ń ṢIṢẸ́

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò tíì rí ẹ̀ka rélùwéè rí, iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọ̀nà ńlá. Irin kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀, lílọ àti bíbọ̀ sì jọ ń lò ó. Nítorí náà, awakọ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ inú ẹ̀ka láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá tẹ́ṣàn, kí ọkọ̀ méjì má baà forí gbára. Ọkọ̀ ẹ̀ka kì í yára. Ó ń kó èrò, ó sì ń kó ẹrù pọ̀. Ní tẹ́ṣàn kọ̀ọ̀kan yóò já kẹ̀kẹ́ ẹrù òfìfo sílẹ̀ kí àwọn oníṣòwò dì í, yóò sì so èyí tó ti kún mọ́ ìdí. Bó bá dé oríta, tí í ṣe Ìfọ̀ nínú ìtàn tiwa, wọ́n á já àwọn kẹ̀kẹ́ náà, ọkọ̀ ńlá á sì wọ́ wọn lọ sí Èkó.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan tó ń ta gààrí ní Agége ti sọ fún mi bí ìrìn-àjò náà ṣe rí nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́. Ohun tó ń rántí jù ni òórùn èéfín èédú mọ́ òórùn gààrí, àti bí àwọn obìnrin ṣe ń jókòó lé ẹrù wọn torí wọn kò fọkàn tán ẹnì kankan. Ó ní wọn kì í pè é ní rélùwéè láàárín ara wọn, Ọkọ̀ Ìdógò ni wọ́n ń pè é, bí ẹni pé Ìdógò ló ni ín. Àwọn ará Èkó àti Agége a gbé aṣọ, ọṣẹ, iyọ̀ àti kẹrosíìnì lọ. Wọ́n a kó gààrí, àgbàdo, epo, obì àti adìyẹ bọ̀. Ó ní adìyẹ máa ń pariwo ju fèrè ọkọ̀ lọ.

Mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ohun kan níbẹ̀. Èkùrọ́ ni ìjọba fi ṣírò owó nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà náà, èyí tí àwọn kọ́ńpìnnì yóò kó sínú ọkọ̀ òkun. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin rí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Wọ́n rí i pé Èkó ń gbòòrò, pé àwọn òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀ òkun àti ti rélùwéè ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta gbọ́dọ̀ jẹun, àti pé oúnjẹ wà ní Yewa. Wọ́n sọ ọkọ̀ èkùrọ́ di ọkọ̀ oúnjẹ. Ibi tí irin parí sí kì í ṣe ibi tí ọkọ̀ ń sùn nìkan mọ́, ó di ojú ọjà tí àwọn abúlé yí ká ń gbé ẹrù wá pàdé èrò Èkó. Kò yàtọ̀ sí ohun tí àwọn Hausa oníṣòwò obì ṣe ní Agége ṣáájú wọn, nígbà tí wọ́n tẹ̀dó sí ìtòsí tẹ́ṣàn tí wọ́n sì ń fi rélùwéè kó obì lọ sí òkè Ọya. Òyìnbó la ọ̀nà, ṣùgbọ́n oníṣòwò ló kọ́ ọ ní iṣẹ́ tó yẹ kó ṣe.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ìwọ̀n irin tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Láti Ìdógò sí Sakẹ́tẹ̀ kò jìnnà. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá le lè rìn ín láàárín ọjọ́ kan. Síbẹ̀ ọ̀nà irin Pòbẹ́ ń wo Kútọnú, ọ̀nà irin Ìdógò ń wo Èkó, wọ́n kẹ̀yìn síra wọn bí orogún tó ń bínú. Kò sí ẹni tó so wọ́n pọ̀. Bí ẹnì kan bá tilẹ̀ fẹ́ so wọ́n, kẹ̀kẹ́ ọkọ̀ kan kò ní bá irin èkejì mu, nítorí mìlímítà 67 péré, tí kò tó fífẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ ọkùnrin. Ìgbà tí àwọn ọmọ ìyá méjì ní Pòbẹ́ àti ní Ìlaròó bá fẹ́ ra nǹkan lọ́wọ́ ara wọn, orí ni wọ́n fi ń rù ú, tàbí kẹ̀kẹ́ ológeere, wọ́n sì ń sá fún àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù. Ìjọba méjì náwó lé irin lórí ní ilẹ̀ kan ṣoṣo, ọjà tó ti wà kí àwọn méjèèjì tó dé kò sì rí ọ̀kan gùn nínú wọn.

BÍ LỌ́RÌ ṢE GBA Ẹ̀KA

Kò sí ọjọ́ kan tí a lè tọ́ka sí pé ọjọ́ yìí ni lọ́rì ṣẹ́gun. Díẹ̀díẹ̀ ni. Kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀ ni W. A. Dawodu ti ń ta mọ́tò ní Èkó. Ní Ìbàdàn tiwa níbí, Salami Agbaje, oníṣòwò ńlá, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi lọ́rì kó ẹrù. Ní àwọn ọdún 1930, ìjọba ń wá gbogbo ọgbọ́n láti dáàbò bo rélùwéè lọ́wọ́ àwọn onílọ́rì, pàápàá nípa owó láísẹ́ǹsì. Ṣùgbọ́n bọ̀lẹ̀kájà ní ohun kan tí rélùwéè kò ní: ó lè wọ inú oko. Kì í dúró de àkókò. Bí ẹrù bá kún, ó lọ. Bí ẹrù kò bá kún, awakọ̀ á máa pe èrò títí yóò fi kún.

Ìṣòro ẹ̀ka ni pé ó kúrú. Ẹni tó fẹ́ gbé gààrí láti Ìlaròó lọ sí Èkó ní rélùwéè, yóò kọ́kọ́ gbé e láti oko dé tẹ́ṣàn, yóò dì í sínú kẹ̀kẹ́, wọ́n á wọ́ ọ dé Ìfọ̀, á dúró níbẹ̀ de ọkọ̀ ńlá, á dé Ìdó, wọ́n á tún já a sílẹ̀, aláàárù á sì tún gbà á lọ sí ọjà. Ní gbogbo ibi tí ẹrù bá ti fara kan ọwọ́, owó ń jáde, àpò sì lè ya. Lọ́rì ń gbé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ẹnu oko dé ẹnu ọjà. Kò sí ìyálọ́jà tí kò mọ irú ìṣirò yìí.

Ní ti rélùwéè, ìnáwó ẹ̀ka kì í dínkù bí ẹrù bá dínkù. Yálà ọkọ̀ kan ló gbà á kọjá lóòjọ́ tàbí mẹ́wàá, àwọn lébìrà gbọ́dọ̀ máa ro koríko ojú irin, kí wọ́n máa pààrọ̀ pákó tí ikán ti jẹ, ọ̀gá tẹ́ṣàn gbọ́dọ̀ gba owó oṣù. Nígbà tí ìjọba sọ rélùwéè di Kọpọréṣọ̀n ní 1955, wọ́n retí pé kó máa bọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn òmìnira, títì ń pọ̀ sí i, epo mọ́tò ń pọ̀ sí i, rélùwéè sì ń gbó. Ní ọdún 1960 ni ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Ewékorò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò jìnnà sí Ìfọ̀, ẹrù rẹ̀ sì pọ̀, ṣùgbọ́n ẹrù sìmẹ́ǹtì kan kò lè mú Ìdógò yè. Lónìí, fèrè ọkọ̀ kì í dún ní Ìdógò mọ́. Ti Pòbẹ́ náà ti dákẹ́.

Wọn kò dá nìkan jìyà. Ní òkè Ọya, Baro ní etí odò ni Percy Girouard ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà irin tó lọ sí Kánò ní 1907. Òyìnbó ará Kánádà ni, òun ló sì la ọ̀nà irin aṣálẹ̀ Sudan fún àwọn ọmọ ogun Kitchener. Èrò rẹ̀ ni pé kí Baro jẹ́ orísun, kí ọkọ̀ odò máa kó ẹrù Kánò lọ sí òkun. Ṣùgbọ́n nígbà tí irin tiwa láti Èkó dé Minna, tí wọ́n so méjèèjì pọ̀ ní 1912, tí afárá Jẹ́bà sì parí ní 1916, ẹrù gba Èkó lọ, Baro sì di ẹ̀ka lásán. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, wọ́n ṣí èbúté tuntun síbẹ̀ pẹ̀lú ayẹyẹ, láìsí ọkọ̀ ojú irin tí yóò kó ẹrù wá bá a.

OHUN TÍ WỌ́N FOJÚ RÍ NÍ WALES

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé aláwọ̀ dúdú nìkan ni irú nǹkan báyìí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ilẹ̀ Wales, tó wà ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kún fún ẹ̀ka rélùwéè àrọko tó ń kó òkúta, èédú, wàrà àti àgùntàn. Ní 1963, ọ̀gá rélùwéè ilẹ̀ Bìrìtìkó, Dókítà Richard Beeching, gbé ìwé jáde pé kí wọ́n ti tẹ́ṣàn 2,363 pa, àti nǹkan bí 5,000 máìlì ọ̀nà irin, nítorí wọn kò mú owó wọlé. Ọ̀nà tó so Aberystwyth mọ́ Carmarthen ní Wales wà lára àwọn tí èrò kò gùn mọ́ láti 1965. Títí di òní, ẹni tó bá fẹ́ fi rélùwéè lọ láti ọ̀kan sí èkejì nínú ìlú méjèèjì yìí gbọ́dọ̀ yí gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjá.

Ibi tí ìṣirò Beeching ti kù díẹ̀ káàtó ni èyí, ó sì kan ìtàn Ìdógò. Ó ka owó tí ẹ̀ka ń mú wá lórí ẹ̀ka nìkan. Ó gbà pé bí ẹ̀ka bá kú, èrò yóò fi mọ́tò lọ sí tẹ́ṣàn ńlá, wọ́n á wọ ọkọ̀ níbẹ̀. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti wọ mọ́tò tirẹ̀, ó gbé e dé ibi tó ń lọ ni. Bákan náà, àpò gààrí tó bá ti wọ lọ́rì ní Ìlaròó kì í sọ̀kalẹ̀ ní Ìfọ̀ láti wá rélùwéè, Èkó ló ń lọ tààrà. Ẹni tó gé ẹ̀ka rò pé òun ń dín ìnáwó igi kù ni, kò mọ̀ pé ewé tó ń bọ́ igi wà lórí ẹ̀ka náà.

Síbẹ̀ Wales kan náà ní ìtàn mìíràn. Talyllyn ni orúkọ ẹ̀ka kékeré kan tó bẹ̀rẹ̀ ní 1865 láti kó òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń bo òrùlé. Nígbà tí iṣẹ́ òkúta náà parí, tí ọ̀nà irin fẹ́ kú, àwọn ará ìlú àti olólùfẹ́ rélùwéè kó ara wọn jọ ní 1951, wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn ro koríko, wọ́n ń wa ọkọ̀ láìgba owó. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ayé, ọkọ̀ náà sì ń rìn di òní. Èmi kò sọ pé kí àwọn ará Ìlaròó lọ gbé ọkọ́ o. Àgbẹ̀ tó ti roko láti àárọ̀ kò ní lọ ro ti ìjọba ní ìrọ̀lẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

PÁPÁLANTÓ ÀTI MÓNÍYÀ

Ọ̀nà irin tuntun tí Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà ọdún 2021 gùn ní 157 kìlómítà láti Èkó dé Ìbàdàn. Àlàfo irin rẹ̀ jẹ́ 1,435 mìlímítà, ó fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Ẹ rí i pé ìwọ̀n kẹta nìyẹn ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọkọ̀ tuntun kò lè gba orí irin Ìdógò, ìbáà jẹ́ pé wọ́n ro koríko rẹ̀ lónìí.

Ṣùgbọ́n tẹ́ṣàn tuntun kan wà ní Pápálantó, èyí tí wọ́n fi orúkọ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti pè. Pápálantó ni títì Ìlaròó ti yà. Ẹnu ọ̀nà Yewa ti tún kan rélùwéè nìyẹn. Ohun tó kù ni kí ohun kan máa kó èrò àti ẹrù wá pàdé ọkọ̀ náà ní àkókò tó bá tirẹ̀ mu, kí kẹ̀kẹ́ ẹrù sì wà tí yóò dúró gba àpò gààrí, kì í ṣe àga èrò nìkan. Bí èyí kò bá sí, tẹ́ṣàn náà yóò jẹ́ ibi tí ọkọ̀ ń gbà kọjá lójú àgbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹrù oko ṣì ń gba ojú títì, owó orí rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i nígbàkígbà tí epo bá gbówó lórí, àwa tó ń ra oúnjẹ ní Bódìjà ni a sì ń san án.

Ìbàdàn náà ní Ìdógò tirẹ̀. Tẹ́ṣàn àtijọ́ wà ní Dùgbẹ̀, ní àárín ọjà. Tẹ́ṣàn tuntun tí wọ́n fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè wà ní Móníyà, ní òde ìlú, lẹ́yìn Ọjọ́ọ̀. Ìyálọ́jà tó ra aṣọ ní Èkó, tó sì fi ìrọ̀rùn jókòó nínú ọkọ̀ tuntun, bó bá sọ̀kalẹ̀ ní Móníyà, ìnáwó mìíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Yóò wá Micra tàbí bọ́ọ̀sì dé Ọjọ́ọ̀, yóò gba Agbowó tàbí Mọ́kọ́lá, kó tó dé Dùgbẹ̀. Ẹni tó ń lọ sí Challenge tàbí Ring Road tún jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti bá irú wọn jókòó rí nínú Micra kan náà, ẹrù wọn lórí ẹsẹ̀ mi, wọ́n sì ń fi ìka ṣírò bóyá ìyàtọ̀ owó tí wọ́n rò pé àwọn jẹ ṣì kù. Ọ̀kan nínú wọn sọ pé bọ́ọ̀sì tó ń gbé òun láti Iwó Road lọ sí Èkó kì í béèrè pé kí òun sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìṣirò lọ́rì Ìlaròó náà nìyẹn, ní ọgọ́rùn-ún ọdún dín díẹ̀ lẹ́yìn náà.

Bí wọ́n bá pe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ rélùwéè ní àdúgbò yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ ọkọ̀ ńlá nìkan fún yín. Ẹ bi wọ́n pé kí ni yóò gbé wa láti Móníyà dé Dùgbẹ̀, ní aago mélòó, ní èló, àti pé ṣé yóò gba àpò. Ẹ bi wọ́n pé ta ló ń ṣọ́ ilẹ̀ ojú irin àtijọ́ láti Ìfọ̀ dé Ìdógò, kí àwọn ajagungbalẹ̀ má baà tà á tán.

Ní ti ẹ̀yin olùkọ́ ní Ìfọ̀, Ìlaròó àti Ìdógò, iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ bẹ̀ yín fún. Àwọn tó gun Ọkọ̀ Ìdógò ń dàgbà lọ. Ẹ rán àwọn ọmọ kíláàsì yín sí wọn pẹ̀lú ìwé àti bírò, kí wọ́n béèrè orúkọ tẹ́ṣàn kọ̀ọ̀kan àti ibi tó wà gan-an, ọjọ́ tí ọjà ń bọ́ sí, iye tí wọ́n ń san lórí àpò kan, àti ọdún tí wọ́n gun ún kẹ́yìn. Ẹ fi ohun tí wọ́n bá kọ ránṣẹ́ sí wa, a ó tẹ̀ ẹ́ sí ojú ìwé yìí.